Onílàjà Inú Ọgbà Yunifásítì: Ta Ni, Kí Ló Lè Ṣe, Kí Ni Kò Lè Ṣe?

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe, ẹ̀yin tí ẹ sì mọ̀ mí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó-orí àti owó iléèwé ni ẹnu mi sábà máa ń yá lé lórí. Lónìí, ọ̀rọ̀ mìíràn ni mo gbé wá. Nígbà tí a bá mú ọmọ lọ sí yunifásítì, wọn a fi ilé ìkàwé hàn wá, wọn a fi ilé oúnjẹ àti pápá eré hàn wá. Ọ́fíìsì kan wà tí wọn kì í sábà mú wa dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Òun ni mo fẹ́ ṣàlàyé: ọ́fíìsì onílàjà, tí wọ́n ń pè ní ombudsman tàbí ombuds.

Ohun tó mú mi mọ̀ ọ́n nìyí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ àbúrò mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà níbí pè mí ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún wọn nílé o." Àyà mi já. Ó ní ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé tí òun ò ti dé ibi iṣẹ́ ìwádìí òun. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ ọ sọ́nà ti fi iṣẹ́ ìwádìí kan ránṣẹ́ pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, orúkọ ọmọ wa kò sì sí níbẹ̀. Ọdún kan àbọ̀ ló ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n sọ̀rọ̀ líle síra wọn, ó bá bínú jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí nǹkan ṣe rí fún akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti òkè òkun á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ju orúkọ lára ìwé lọ. Owó ìwádìí ọ̀jọ̀gbọ́n náà ni wọ́n fi ń san owó iléèwé rẹ̀ àti owó tó fi ń jẹun. Bí owó yẹn bá dúró tí kò sì lè forúkọ sílẹ̀ fún iye iṣẹ́ tí òfin físà F-1 ń béèrè, kò ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé níbí mọ́. Ìbínú ọjọ́ mẹ́sàn-án lè ba iṣẹ́ ọdún mẹ́ta jẹ́.

Ìwé ni ohun ìjà tèmi. Lóru ọjọ́ náà ni mo ti jókòó tí mo fẹ́ kọ ìwé ẹ̀sùn sí olórí yunifásítì, kí n fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyàwó mi ló ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ ṣe sùúrù. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n." Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn ló sọ fún wa pé ombuds wà.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ṣẹ̀ wá

Ilẹ̀ Sweden ni orúkọ náà ti wá. Òfin ilẹ̀ wọn ti ọdún 1809 ló dá ipò náà sílẹ̀, kí ẹnì kan lè máa gbọ́ ẹ̀sùn ará ìlú nípa àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Àwa náà ní irú rẹ̀ nílé: ní 1975, ìjọba Murtala Muhammed dá Public Complaints Commission sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ti ọgbà iléèwé gíga, Simon Fraser University ní Kánádà ti ní ti tirẹ̀ láti 1965, Michigan State University ní Amẹ́ríkà sì yan ti tirẹ̀ ní 1967. Ẹ rántí pé àkókò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fẹ̀hónú hàn káàkiri nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá rí ẹni gbọ́ tirẹ̀ nínú ọ́fíìsì, ojú títì ni yóò gbà lọ. Ní 2005, ẹgbẹ́ méjì tí àwọn oníṣẹ́ yìí ní dara pọ̀ di International Ombudsman Association.

Òpó mẹ́rin tó gbé iṣẹ́ náà ró

Ìkíní ni òmìnira. Kò sí lábẹ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kankan; olórí yunifásítì tàbí àwọn aláṣẹ àgbà ló sábà máa ń jíṣẹ́ fún. Ẹ lè ní, "Ṣebí iléèwé ló ń san owó oṣù rẹ̀?" Èmi náà béèrè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nídìí iṣẹ́ tèmi, iléeṣẹ́ tí ọ́dítọ̀ ń yẹ ìwé rẹ̀ wò náà ló ń sanwó fún un. Ohun tí a máa ń wò ni ẹni tó lè pàṣẹ fún un. Ní àwọn iléèwé kan ní Kánádà, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti yunifásítì jọ ń dá owó rẹ̀ ni.

Ìkejì ni àìṣègbè. Kì í ṣe agbẹjọ́rò akẹ́kọ̀ọ́, kì í sì í ṣe ti iléèwé. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ pé àgbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Ìkẹta ni àṣírí. Kò ní pe ẹnikẹ́ni nípa ọ̀rọ̀ yín láìjẹ́ pé ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn aláṣẹ lè rí iye ẹni tó wá àti irú ìṣòro tó ń pọ̀ sí i nínú ìròyìn rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ní rí orúkọ. Ibì kan tí àṣírí ti lè tú ni bí ẹ̀mí ẹnì kan bá wà nínú ewu gidi.

Ìkẹrin ni pé kì í ṣe ìgbẹ́jọ́. Ìjókòó ni, ọ̀rọ̀ ni. Kì í kó ìwé ẹ̀sùn jọ sínú fáìlì iléèwé.

Bó ṣe lọ fún wa

Ìyá àgbàlagbà kan ló wà ní ọ́fíìsì náà. Ohun mẹ́ta ló bi ọmọ wa: kí ló ṣẹlẹ̀, kí lo fẹ́, kí lò ń bẹ̀rù? Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n dá orúkọ òun padà. Ìyá náà ní, "Bí wọ́n bá dá a padà lónìí, ṣé wàá lè bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì sí i?" Ó ní òun ò rí èsì fọ̀. Ọjọ́ yẹn ló tó yé e pé ohun tí òun ń bèèrè àti ohun tí òun nílò yàtọ̀ síra.

Lẹ́yìn tó gbà á láyè, ìyá náà lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n náà lọ́tọ̀. Tiwọn náà yàtọ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ méjì ni àwọn fẹ́ yọ jáde nínú ìwádìí náà, àti pé èkejì ni àwọn fi pa mọ́ fún ọmọ wa. Wọn ò sì sọ fún un! Wọ́n tún ní gbogbo ìgbà tí àwọn bá béèrè èrò rẹ̀ nípa iṣẹ́ náà, ńṣe ló máa ń tẹrí ba tí á ní kò sí nǹkan kan. Ẹ̀yin èèyàn mi, bí a ṣe tọ́ ọ nílé nìyẹn. Ọmọ tó bá ń wo àgbà lójú tó ń já a níyàn, a ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Lójú ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn, ẹni tí kò bìkítà ni. Ẹ̀bi wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó sì wà lọ́wọ́ òsì.

Ìjókòó kejì ni wọ́n tó jọ fojú kojú. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí i kí iṣẹ́ náà tó jáde, ṣùgbọ́n ipò kẹta ló wà, kì í ṣe ìkíní tó fẹ́. Wọ́n kọ àdéhùn iṣẹ́ kejì sílẹ̀. Nígbà tí sẹ̀mẹ́sítà parí, ó bọ́ sọ́dọ̀ olùtọ́sọ́nà mìíràn láìjẹ́ pé owó rẹ̀ já. Kò rí gbogbo ohun tó fẹ́, ó sì dùn ún. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń wá iṣẹ́, ọ̀jọ̀gbọ́n àkọ́kọ́ yẹn wà lára àwọn tó kọ ìwé ẹ̀rí fún un. Mo bi ara mi léèrè pé, ká ní mo fi ìwé tèmi ránṣẹ́ lóru ọjọ́ yẹn ńkọ́? A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Ohun tí onílàjà kò lè ṣe

Kò lè yí máàkì padà, kò lè lé olùkọ́ kúrò níṣẹ́, kò sì lè pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀bẹ̀, ìmọ̀ràn àti ìmọ̀ nípa òfin iléèwé ni agbára rẹ̀.

Èyí tó tẹ̀lé e ṣe pàtàkì gan-an: sísọ fún onílàjà kì í sábà dúró fún sísọ fún iléèwé. Bí wọ́n bá fún ọmọ yín ní ọjọ́ mẹ́wàá láti kọ̀wé tako ìdájọ́ kan, ọjọ́ náà ń lọ bó ti wù kó máa bá onílàjà sọ̀rọ̀ tó. Ọmọ oníbàárà mi kan kò mọ èyí. Ó ń dúró de ìlàjà, ọjọ́ sì kọjá lórí rẹ̀.

Kì í sì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ là ń là níjà. Bí wọ́n bá fipá bá ọmọ lò pọ̀, tàbí wọ́n lù ú, tàbí ẹnì kan ń dún mọ̀huru mọ̀huru mọ́ ọn, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀ nílé. Onílàjà lè gbọ́ ọ, kó sì ṣàlàyé ọ̀nà tó wà. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá wà, ọ́fíìsì Title IX tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òfin ọdún 1972 sì wà. Ọmọ náà ni kó yan èyí tó fẹ́, kì í ṣe àwa.

Ní ti físà, ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òkè òkun ni kí ẹ lọ, kí ọmọ tó jáwọ́ nínú iṣẹ́ kankan.

Ẹ̀yin tó wà ní Ìlú Ọba

Ní England àti Wales, ẹ̀yin ní Office of the Independent Adjudicator, tí òfin ọdún 2004 fún ní iṣẹ́ yìí. Òun kì í ṣe onílàjà inú ọgbà; ìta ló wà, ẹ̀yìn tí iléèwé bá ti parí ètò tirẹ̀ ni ẹ ń lọ síbẹ̀. Ẹ gba ìwé tí wọ́n ń pè ní Completion of Procedures Letter, oṣù méjìlá ni ẹ sì ní láti ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í san kọ́bọ̀. Wọn kì í yẹ máàkì tí olùkọ́ fi ìmọ̀ rẹ̀ fúnni wò, bí wọ́n ṣe tẹ̀lé òfin ni wọ́n ń wò. Ní Scotland, Scottish Public Services Ombudsman ni ẹ ó lọ bá.

Kí ọmọ tó lọ bá onílàjà

Ẹ jẹ́ kó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sójú ewé kan ṣoṣo, pẹ̀lú ọjọ́ àti déètì. Kó tọ́jú gbogbo í-meèlì. Kó mọ ọjọ́ tí ààyè ìpẹ̀jọ́ yóò dópin. Kó béèrè lọ́wọ́ onílàjà pé, "Kí lẹ lè fi pa mọ́, kí lẹ ò lè fi pa mọ́?" kó tó la ẹnu. Kó má fi kúlẹ̀kúlẹ̀ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ nínú í-meèlì, kó kàn béèrè àyè láti rí i. Bí iléèwé náà kò bá ní ombuds, nítorí ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kò ní, kó lọ sí ọ́fíìsì Dean of Students.

Yorùbá ní onílàjà ní í fi orí gbọgbẹ́. Mo kí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kú iṣẹ́. Ẹ̀yin òbí, nígbà tí ẹ bá tún mú ọmọ lọ sí iléèwé, lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí yàrá tó máa sùn, ẹ béèrè ibi tí ọ́fíìsì yìí wà, kí ọmọ náà fojú ara rẹ̀ rí i. Kí ó má jẹ́ aago mọ́kànlá alẹ́ ni yóò tó mọ̀ pé ó wà.