Ẹ̀jẹ̀ tí ó Gba Baba Là

Tibi-tire la dá ilé ayé. Òwe yìí ṣẹ mọ́ ẹ̀jẹ̀ wa lára.

Nígbà tí àwọn baba ńlá wa ṣán igbó dóko, omi dágún, ẹ̀fọn gbilẹ̀, ibà sì ń pa ọmọdé. Àwọn kan wà tí a bí pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní AS lónìí. Ibà kì í sábà rí wọn pa. Wọ́n dàgbà, wọ́n bímọ, ẹ̀jẹ̀ náà sì di ogún.

Anthony Allison fi èyí hàn ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1954. Ní ọdún 1970, Lucio Luzzatto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ìdí kan fún un ní Ìbàdàn níhìn-ín: hóró ẹ̀jẹ̀ AS tí kòkòrò ibà bá wọ̀ a máa tètè tẹ̀ bí dòjé, ara a sì lè gbá a dànù.

Gbèsè rẹ̀ ńkọ́? Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ yóò jẹ́ SS, èyíinì ni fòníkú-fọ̀ladìde. Láyé àtijọ́, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn tí a ń pè ní àbíkú, tí a ń sàmì sí lára bí wọ́n bá kú. Ìyá wọn kò jẹ̀bi. Ọmọ kò ṣẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fẹ́ra yín ní Agbowó àti Bódìjà, UCH kò jìnnà. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ẹ tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó.