Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun 54th Massachusetts: Láti Readville dé Boykin's Mill

Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹrin ọdún 1861, ọ̀pọ̀ ọkùnrin aláwọ̀ dúdú lọ fi orúkọ sílẹ̀ láti jà fún Àríwá, ṣùgbọ́n ìjọba dá wọn padà. Ìgbà tí Ààrẹ Abraham Lincoln kéde òmìnira àwọn ẹrú tó wà lábẹ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀ Gúúsù, lọ́jọ́ kìíní ọdún 1863, ni ọ̀nà tó là fún wọn. Kí oṣù náà tó parí, John Andrew, gómìnà Massachusetts, ti gbàṣẹ láti kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ kan jọ lára àwọn aláwọ̀ dúdú tó bá yọ̀ǹda ara wọn. Ẹgbẹ́ náà ni 54th Massachusetts.

Aláwọ̀ dúdú ìpínlẹ̀ náà kò pọ̀ tó, nítorí náà wọ́n wá ènìyàn dé Philadelphia, dé Ohio, títí dé Kánádà. Frederick Douglass, tó ti sá kúrò lóko ẹrú kó tó di gbajúmọ̀ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, rọ àwọn ọ̀dọ́ láti jáde; ọmọ tirẹ̀ méjì, Lewis àti Charles, wà lára àwọn tó tètè wọlé. Èrò ya wá sí ibùdó Readville lẹ́bàá Boston débi pé wọ́n fi àwọn tó ṣẹ́kù dá ẹgbẹ́ 55th sílẹ̀. Inú ẹgbẹ́ kejì yìí ni Nicholas Said, ọmọ bíbí Bornu, ti jagun. Aláwọ̀ funfun nìkan ni wọ́n fi jọ̀gá lé 54th lórí. Robert Gould Shaw, ọmọ ọdún 25, ni ọ̀gágun àgbà. Ewu tó dojú kọ wọn sì ju ti ọmọ ogun mìíràn lọ, nítorí Gúúsù ti kéde pé aláwọ̀ dúdú tí ọwọ́ bá tẹ̀ lè padà sóko ẹrú tàbí kí wọ́n pa á.

Ní May 28, 1863, wọ́n wọkọ̀ ojú omi láti Boston lọ sí South Carolina. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ọ̀gágun mìíràn kó wọn lọ sí ìlú Darien ní Georgia, ó sì dáná sun ìlú náà, ohun tó bí Shaw nínú gidigidi. Ní July 16 ni wọ́n kọ́kọ́ jà lójú ogun gidi, ní James Island.

Ní July 18 ni ti odi Wagner, tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà èbúté Charleston. Wọn kò sùn, wọn kò jẹun kánú, síbẹ̀ àwọn ni wọ́n fi ṣíwájú. Àgbá ti dún láti àárọ̀, ṣùgbọ́n iyanrìn àti ìtì igi ni wọ́n fi mọ odi náà, ọta kàn ń rì sínú rẹ̀ ni. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, nǹkan bí 600 ọkùnrin gba etíkun lọ, òkun lápá kan, ẹrẹ̀ lápá kejì, ọ̀nà sì ń há mọ́ wọn bí wọ́n ti ń sún mọ́ odi. Iná ìbọn bò wọ́n. Àwọn kan gun orí odi, wọ́n jà á lọ́wọ́ sọ́wọ́, ibẹ̀ ni Shaw sì kú sí. William Carney, tí wọ́n bí sóko ẹrú ní Virginia, gba asíá lọ́wọ́ ẹni tó ṣubú. Ó fara gbọta léraléra, ó ń wọ́ nílẹ̀, kò sì fi asíá náà sílẹ̀. Àwọn tó kú, tó gbọgbẹ́ tàbí tí wọ́n mú ju 250 lọ. Odi náà kò bọ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn ará Gúúsù ju òkú Shaw sínú kòtò kan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun rẹ̀ láti fi tàbùkù rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má hú u níbẹ̀.

Ìjà owó oṣù ló pẹ́ jù, òun náà ló sì fi irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́ hàn jù. Dọ́là 13 lóṣù ni wọ́n ṣèlérí fún wọn, iye tí aláwọ̀ funfun ń gbà. Nígbà tó yá, wọ́n ní 10 ni, wọn yóò sì yọ 3 níbẹ̀ fún aṣọ. Gbogbo ẹgbẹ́ fàáké kọ́rí. Nígbà tí Massachusetts fẹ́ fowó tirẹ̀ dí àlàfo náà, wọ́n kọ ìyẹn pẹ̀lú, nítorí gbígbà á yóò dà bí ẹni pé wọ́n gbà pé àwọn kì í ṣe ojúlówó ọmọ ogun. Ìyàwó àti ọmọ ń jìyà nílé, síbẹ̀ wọn kò yẹhùn. James Henry Gooding, ọ̀kan nínú wọn, kọ̀wé sí Lincoln fúnra rẹ̀.

Láìgba kọ́bọ̀ ni wọ́n jà ní Olustee, Florida, ní February 20, 1864. Àríwá fìdí rẹmi, 54th ló sì dúró lẹ́yìn kí àwọn yòókù lè rọ́nà sá. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin tó kó àwọn tó gbọgbẹ́ bàjẹ́, wọ́n so okùn mọ́ ọn, wọ́n sì fi agbára apá wọ́ ọ kúrò níbi tí ọ̀tá ti lè bá a. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú Gooding. Ó kú ní ẹ̀wọ̀n Andersonville ní July.

Oṣù June ni ilé aṣòfin tó fọwọ́ sí iye kan náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ti jẹ́ òmìnira ṣáájú April 19, 1861 nìkan ni yóò rí gbogbo owó ẹ̀yìn rẹ̀ gbà. Àwọn tó sá kúrò lóko ẹrú ń kọ́? Edward Hallowell, tó rọ́pò Shaw, ṣètò ìbúra kan: kí kálukú búra pé, títí dé ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fipá mú òun ṣiṣẹ́. Gbogbo wọn búra láìpurọ́, owó sì dé lóṣù September.

Wọ́n tún jà ní Honey Hill ní November. Ní January 1865, ìjọba gbà níkẹyìn kí Stephen Swails di ọ̀gá, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba ipò náà nínú ẹgbẹ́ yìí. Boykin's Mill ni ìjà ìkẹyìn wọn, ní April 18, ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí Robert E. Lee ti túúbá. Wọ́n tú ẹgbẹ́ náà ká lóṣù August.

Ère tí Augustus Saint-Gaudens gbẹ́ fún wọn ní Boston ni wọ́n ṣí ní 1897, Carney sì gba àmì ẹ̀yẹ akọni tó ga jù lọ ní 1900. Orúkọ àwọn ọ̀gá tó kú ló kọ́kọ́ wà lára ère náà. Ó ju ọgọ́rin ọdún lọ kí wọ́n tó kọ ti àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tó kú ní Wagner sí i.