Orúkọ Ìlú Dingle lórí Pátákó Ojú Ọ̀nà
Etí òkun ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Áílándì ni ìlú Dingle wà, níbi tí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ń wọ́ lọ. Ní ọdún 2005, ìjọba pàṣẹ pé An Daingean, orúkọ rẹ̀ ní èdè Áíríṣì, nìkan ni kí a máa kọ sí pátákó ojú ọ̀nà. Inú àwọn ará ìlú kò dùn: ìlú mìíràn wà tí ń jẹ́ Daingean, àlejò lè ṣìnà, ọjà a sì kùtà. Wọn kò kọ èdè baba wọn sílẹ̀; nígbà tí wọ́n dìbò ní 2006, ẹni 1,005 ní kí a so orúkọ méjèèjì pọ̀: Dingle Daingean Uí Chúis. Òfin ọdún 2011 fi ọwọ́ sí méjèèjì. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìjọba sọ ìlú lórúkọ kí ó tó wo ilé.