Bí Ọdẹ Bá Fara Pa Nínú Igbó: Ìtàn Ìtọ́jú Rẹ̀ ní Agbègbè Ọbajánà Láti Ayé Àtijọ́ Títí Dòní

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ìgbà ọdẹ ní agbègbè tí a wà yìí, ìgbà náà sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa máa ń bá àwọn ọmọ onílẹ̀ wọ igbó. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ó yẹ kí a kọ ìtàn kan sínú ìwé ìrántí yìí tó lè dá ẹ̀mí sí: bí a ti ń tọ́jú ọdẹ tó bá fara pa.

Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó bá ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó ń ra ẹran ìgbẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà kò mọ ohun tí ojú ẹni tó pa á rí.

Àwọn tó ni ilẹ̀

Iṣẹ́ ló gbé púpọ̀ nínú wa wá láti Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Èkìtì, Oǹdó àti Ògùn. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Dangote ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2007 ni orúkọ Ọbajánà ti kàn káàkiri. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ tó dé, ilẹ̀ oko àti ilẹ̀ ọdẹ ni ibí. Àwọn Ọ̀wọ́rọ̀ ló ni ín, ọmọ Yorùbá sì ni àwọn náà. Wọ́n wà lára àwọn tí à ń pè ní Ọ̀kun, pẹ̀lú Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Owé ti Kàbà. Inú ìkíni wọn, “Ọ̀kun o,” ni orúkọ yẹn ti jáde. Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara ni wọ́n wà títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ, ọdún 1991.

Kí òyìnbó tó gba ìjọba, àwọn ẹlẹ́ṣin Núpé láti Bídà yọ ilẹ̀ Ọ̀kun lẹ́nu gidigidi, wọ́n ń kó ènìyàn lẹ́rú. Ìyà náà kò rọlẹ̀ títí di 1897, nígbà tí ọmọ ogun Royal Niger Company ṣẹ́gun Bídà. Ní ayé ìgbà náà, ọdẹ kì í ṣe apẹran lásán. Òun ni aṣọ́lùú, òun ni amọ̀nà, òun náà ni jagunjagun. Ọwọ́ tó ń tọ́jú ọgbẹ́ ogun náà ló ń tọ́jú ọgbẹ́ ọdẹ.

Ìbọn tí ń ṣe olówó rẹ̀ léṣe

Ní 1890, àwọn ìjọba òyìnbó pàdé ní ìlú Brussels, wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn kan. Lára ohun tí wọ́n fi ẹnu kò lé lórí ni pé kí a má kó ìbọn ìgbàlódé wọ apá tó pọ̀ jù ní Áfíríkà. Èyí tí wọ́n yọ̀ǹda ni ìbọn àtijọ́ tí à ń ki ẹ̀tù àti ọta sí láti ẹnu. Èyí wà lára ohun tó jẹ́ kí ṣakabùlà pẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọdẹ wa, tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa sì ń rọ ọ́ títí dòní.

Ìbọn yìí ní ewu tirẹ̀. Bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù, tàbí bí ìdọ̀tí bá dí i lẹ́nu, tàbí bí ó bá jẹ́ páìpù omi ni wọ́n fi ṣe ọ̀pá rẹ̀, ó lè bú mọ́ ẹni tó ń yìn ín lọ́wọ́. Ọwọ́ tó di ọ̀pá ìbọn mú, ojú àti ẹyinjú ló sábà máa ń bà jẹ́. Ewu kejì ni ti ìgbà tí wọ́n bá dáná sun igbó láti lé ẹran jáde. Àwọn ọdẹ á yí igbó ká, èéfín á bo ojú, ẹran á máa sá kọjá láàrin wọn, ọta ẹnìkan á sì lọ ba ẹnìkejì. A kò tíì sọ ti ẹni tó jábọ́ lórí igi, tàbí ẹni tí ìmàdò tó ti gbọgbẹ́ yí padà sí.

Ohun tí àwọn baba wa ṣe

Bí ọdẹ bá ṣubú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á fi aṣọ so mọ́ igi méjì, wọ́n á gbé e lé èjìká wá sílé. Bí eegun bá kán, wọ́n á ránṣẹ́ pe àwọn ìdílé tí í to eegun. Àwọn wọ̀nyí á fa eegun náà bọ̀ sípò, wọ́n á fi ọparun tàbí igi pẹlẹbẹ dè é, wọ́n á sì máa fi òrí wọ́ ọ. Níbi púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n á tún dá ẹsẹ̀ adìẹ kan, wọ́n á dì í bákan náà. Ọjọ́ tí adìẹ náà bá fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ dáadáa ni wọ́n á mọ̀ pé ti aláìsàn náà ń bọ̀ lọ́nà.

Ìtọ́jú kò parí síbẹ̀. Ta ni yóò ro oko ẹni tó wà lórí ẹní? Àáró àti ọ̀wẹ̀ ló ń gba ìyẹn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á bá a kórè, ìyàwó àti ọmọ kò sì ní fi ebi sùn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

A kò gbọdọ̀ fojú tẹ́ńbẹ́lú ìmọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́. Bí igi tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ bá fún jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè kọjá, ẹsẹ̀ náà á dúdú, á kú, gígé ló sì máa ń kù. Àwọn dókítà eegun ní Nàìjíríà ti kọ nípa èyí lọ́pọ̀ ìgbà. Bẹ́ẹ̀ ni ewé àti àgbo kò lè dá tẹ́tánọ́ọ̀sì dúró, àrùn tó ń gba ojú ọgbẹ́ wọlé, tó sì ń mú kí àgbọ̀n ènìyàn dì pa.

Bí ọ̀nà ilé ìwòsàn ṣe kúrú

Ní 1908 ni Tommy Titcombe, oníwàásù ará Kánádà, dé Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Yàgbà. Ní 1952, wọ́n ṣí ilé ìwòsàn síbẹ̀, èyí tó di ilé ìwòsàn ECWA. Ní Èkó, wọ́n dá ti Ìgbóbì sílẹ̀ láti tọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun Hitler, ibẹ̀ ló wá di ilé ìwòsàn eegun tí gbogbo wa mọ̀. Lónìí, ilé ìwòsàn ńlá ìjọba àpapọ̀ wà ní Lọ́kọ́jà. Ọ̀nà kọnkéré tó gùn tó kìlómítà 43 ló sì so Ọbajánà mọ́ Kàbà. Ibi tí wọ́n ń fi èjìká gbé ènìyàn lọ láyé àtijọ́, ọkọ̀ ń dé ibẹ̀ báyìí.

Ti ejò

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, yóò sá. Ní àfonífojì odò Bẹ́núé, odò tó wá pàdé Ọya ní Lọ́kọ́jà, ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1980 fi hàn pé nínú ènìyàn 100,000, ejò ń bu nǹkan bí 497 jẹ lọ́dọọdún. Èyí tó ń ṣọṣẹ́ jù ní ilẹ̀ ọ̀dàn ni paramọ́lẹ̀ kékeré kan tó ń fi ìpẹ́ ara rẹ̀ ha ara wọn, tó ń dún bí ohun tí a ń dín. Oró rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Àwọn oníṣègùn á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò mímọ́ tó gbẹ, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Bí kò bá dì, oró ti wọ ara. Abẹ́rẹ́ tó ń pa oró náà wà. Wọ́n ń ṣe é fún ejò Nàìjíríà ní Wales àti ní Costa Rica, ó sì wọ́n gan-an. Ní 2017, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka oró ejò mọ́ àwọn àrùn tí ayé ti pa tì, ní 2019 wọ́n sì pinnu láti dín ikú rẹ̀ kù sí ìdajì kí 2030 tó dé.

Nítorí náà, bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, ẹ má fi abẹ sín ibẹ̀, ẹ má fi ẹnu fa á, ẹ má sì fi okùn dè é pa. Ẹ bọ́ òrùka tàbí ìlẹ̀kẹ̀ tó bá wà níbẹ̀, kí ẹni náà má rìn, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá.

Ìbẹ̀rù ọlọ́pàá

Ohun kan kù tó ń pa ọdẹ, ó sì burú ju ọta lọ: ìdádúró. Òfin ìbọn ti 1959 ní kí ẹni tó bá ní ṣakabùlà gba ìwé àṣẹ. Ọ̀pọ̀ ọdẹ kò ní in. Bí ìbọn bá ṣèèṣì ba ènìyàn, wọ́n á gbé e pamọ́ sílé nítorí ọlọ́pàá. Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn mìíràn á ní àfi kí wọ́n kọ́kọ́ mú ìwé ọlọ́pàá wá. Ẹ̀jẹ̀ kì í dúró de ìwé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Òfin ti yí padà. Òfin ìtọ́jú ẹni tí ìbọn bà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2017, pa á láṣẹ pé kí gbogbo ilé ìwòsàn, ti ìjọba àti ti aládàáni, gba ẹni tí ìbọn bá bà wọlé lójú ẹsẹ̀, ìbáà ní ìwé ọlọ́pàá tàbí kò ní. Wọn kò gbọdọ̀ kọ̀ ọ́ nítorí pé kò tíì san owó ìdíwọ̀lé. Ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ni yóò fi tó ọlọ́pàá létí láàrin wákàtí méjì. Kí olúkúlùkù baálé ilé sọ èyí fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ibẹ̀ gírígírí. Ẹ má da karosíìnì tàbí ìgbẹ́ màlúù sí i, ẹ má sì wá ọta inú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ eegun, ẹ fi igi gbè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ láìfún un, kí ẹ sì gbéra.

Ọ̀nà ti kúrú ju ti àwọn baba wa lọ. Kí ìbẹ̀rù àti àìmọ̀ má tún sọ ọ́ di gígùn mọ́. Kí ẹgbẹ́ wa sì máa rántí àáró àti ọ̀wẹ̀: nígbà tí ẹnìkan bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kí a bèèrè ohun tí ìyàwó rẹ̀ ń sè àti bí owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ ṣe jẹ́. Ojú àpá kò lè jọ ojú ara, ṣùgbọ́n ẹni tó ní àpá ṣì wà láàyè.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a fi ẹsẹ̀ gbá ibi o. Ẹni tó wọ igbó lọ, á bọ̀ wálé láyọ̀. Àṣẹ.