Ayọ́kẹ́lẹ́ àti Ajẹ́kíá

Lára sítíárìn jíìpù Porsche Cayenne ìran tó jáde lọ́dún 2017, nínú èyí tó bá ní ohun èlò Sport Chrono, bọ́tìnnì róbótó kan wà tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò yí. Àmì mẹ́rin ló wà lára rẹ̀: 0, I, S àti S+. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún bàbá rẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n túmọ̀ àwọn àmì náà fún awakọ̀ wọn, àgbàlagbà tó ti ń wa mọ́tò kí wọ́n tó bí àwa méjèèjì, tí kò sì fẹ́ràn láti máa wo ìwé òyìnbó. Mo rò pé iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni. Ó gbà mí tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"Ipò eré ìdárayá" ni mo kọ́kọ́ kọ fún S. Bàbá awakọ̀ gbọ́ ọ lórí fóònù, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá bi mí pé, "Ọ̀gá, ṣé tí a bá ń lọ sí pápá ìṣeré ni?" Ìbéèrè gidi ni wọ́n bi mí. Eré ìdárayá kò bá mọ́tò lọ rárá, "ipò" sì burú jù ú lọ, nítorí pé ipò ni à ń gun bí àkàbà. Ẹni tó bá gbọ́ ipò kìíní, ipò kejì, ipò kẹta, ohun tí yóò máa rò ni pé èyí tó ga jù ló dára jù.

Mo gbìyànjú "eré" nìkan. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Eré là ń ṣe, eré náà là ń sá. Ọmọdé ń ṣeré, ẹṣin ń sáré, orúkọ kan ló gbé méjèèjì. Mo ti fẹ́ fi "ìrìn eré" sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó dá mi dúró ni pé kì í ṣe òótọ́. Èèyàn lè wà nínú S kó máa rìn ní kìlómítà 20 láàárín wákàtí kan lẹ́yìn tírélà. Láàárín àwa tí a sì ti ní eré asápajúdé lẹ́nu, bí wọ́n bá kọ "eré" sára bọ́tìnnì, àṣẹ ni yóò dà.

Ó di dandan kí n mọ iṣẹ́ tí S ń ṣe. Cayenne S tó jáde lọ́dún 2017 ní ẹ́ńjìnnì lítà 2.9, tọ́bò méjì, agbára ẹṣin 440. Bí a bá yí bọ́tìnnì sí S, 440 náà ni. Ẹṣin kan kò wọlé kún un. Ohun tó yí padà ni bí ọkọ̀ ṣe ń gbọ́ ti ẹsẹ̀. Nínú mọ́tò àtijọ́, okùn wáyà ló so ẹsẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Nínú ti ìsinsìnyí, kọ̀ǹpútà ló jókòó sáàárín wọn: ẹsẹ̀ ń béèrè, kọ̀ǹpútà ń wọn iye tó máa fún un. Ní 0, bí a bá tẹ iná díẹ̀, díẹ̀ náà la ó rí gbà. Ní S, díẹ̀ yẹn kan náà ń mú ohun tó jù ú lọ wá. Jíà mẹ́jọ inú rẹ̀ kì í tètè gòkè mọ́, kí ẹ́ńjìnnì má bàa tòògbé kí a tó tún tẹ iná. Ṣọ́ọ̀kì á le. Ẹ́ńjìnnì tó máa ń kú fúnra rẹ̀ nídìí iná ojú pópó kò ní kú mọ́. Mọ́tò ń jẹ́ ìpè kíákíá ni, gbogbo rẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà náà ni mo rántí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. A ti ń pè é tipẹ́ débi pé a kì í gbọ́ ohun tó ń wí mọ́. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ kò wo irin inú rẹ̀; ìrìn rẹ̀ ni wọ́n wò, wọ́n rí i pé ó ń yọ́ kẹ́lẹ́. Alùpùpù, ìró rẹ̀ ni wọ́n gbọ́. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ lọ́dún 1984 kò ràn mí lọ́wọ́ níbí, nítorí pé ti èdè àti lítíréṣọ̀ ló bójú tó. Ọ̀rọ̀ mọ́tò, ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì la ti ń gbà á: jíà, bíréèkì, ṣọ́ọ̀kì, tọ́bò. Mi ò ní kí a lé ìkankan nínú wọn. Ohun tí ọwọ́ lè dì mú, orúkọ tí wọ́n fi ń tà á ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò ní Èkó, ni kó máa jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò lè ra S ní Ládípọ̀. Ìṣesí ni.

Nítorí náà mo tẹ̀ lé ìlànà àwọn àgbà: a-yọ́-kẹ́lẹ́, a-jẹ́-kíá. 0 di ìrìn ayọ́kẹ́lẹ́, S di ìrìn ajẹ́kíá. Ẹni tó bá kọ ọ́ láìfi àmì ohùn sí i lè mú kí a kà á sí àjẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ gbogbo ẹni tó bá fẹ́ lò ó pé kí wọ́n fi àmì sí i. S+ kò fún mi ní wàhálà kankan. Àpètúnpè ni Yorùbá máa ń fi kún agbára ọ̀rọ̀: ajẹ́kíákíá. Ní ìrìn yìí, ọkọ̀ tó bá ń lo ṣọ́ọ̀kì afẹ́fẹ́ a tún rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Irú ọ̀nà tó yẹ é ni Nürburgring ní Jámánì, níbi tí Lars Kern ti wa Cayenne Turbo GT yí ká kìlómítà 20.832 lọ́dún 2021 láàárín ìṣẹ́jú 7 àti ìṣẹ́jú-àáyá 38.925. Ẹni tó bá ní kòtò níwájú ilé, kó fi ajẹ́kíákíá sílẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ní tòun, S lòun fẹ́ máa lò lójoojúmọ́, nítorí pé ní 0 ó dà bíi pé ọkọ̀ ń ronú kó tó gbéra. Mo gbọ́ ọ yé. Àmọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ọkọ̀ tó ń jẹ́ kíá a máa fò gìrì bí ẹsẹ̀ bá kàn án, bíréèkì a tún dá a dúró, ọrùn ẹni tó wà lẹ́yìn ni yóò sì sọ fún un, epo náà á máa lọ. I ni mo gbà á nímọ̀ràn sí, èyí tí mo pè ní ìrìn àdáyàn, nítorí pé awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń yan ìṣesí tó fẹ́: kó mú ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ́ kíá, kó fi ṣọ́ọ̀kì rírọ̀ kún un.

Nígbà tí mo ka orúkọ tuntun náà fún Bàbá awakọ̀, wọn ò bi mí léèrè kankan. Wọ́n ní, "Tí mo bá gbé Bàbá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ayọ́kẹ́lẹ́ ni. Tí mo bá fẹ́ ya tírélà sílẹ̀, ajẹ́kíá."

Ó ku ẹyọ kan. Láàárín bọ́tìnnì náà gan-an, ibì kan wà tí a lè tẹ̀, tí ọkọ̀ á fi jẹ́ ìpè tokuntokun fún ogún ìṣẹ́jú-àáyá, lẹ́yìn náà á padà sí bó ṣe wà. Àsìkò tí a fi ń ya tírélà kan ṣoṣo sílẹ̀ ni ìwọ̀n rẹ̀. Mi ò tíì rí orúkọ tó bá a mu.