Ọ̀nà Ẹsẹ̀ Inú Igbó Ọ̀ṣun

Ẹni tí ó bá wọ Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ní òwúrọ̀ lè rìn ín yíká, kí ó sì padà dé ẹnu ibodè kí oòrùn tó mú. Ọ̀nà náà kò le. Kò sí òkè tí ń dá orúnkún lóró, àgbà àti ọmọdé jọ ń rìn ín lábẹ́ ibòòji igi. Hẹ́kítà 75 péré ni gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ irú ewéko tó lé ní 400 ló wà níbẹ̀, tí ó ju 200 lọ nínú wọn sì jẹ́ egbòogi. Ṣùgbọ́n ìrọ̀rùn ìrìn yìí lè tan ènìyàn jẹ, kí ó rò pé láti ìwáṣẹ̀ ni igbó náà ti wà bẹ́ẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìtàn àwọn ará Òṣogbo sọ pé Lárooyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ ni wọ́n kó àwọn ènìyàn wọn wá sí etí odò náà nígbà tí wọ́n ń wá omi. Igi kan tí wọ́n gé ṣubú sínú odò, ó fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun, òrìṣà náà sì ké jáde. Láti inú aáwọ̀ yìí ni májẹ̀mú ti jáde: Ọ̀ṣun yóò dáàbò bo ìlú, ìlú yóò sì fi igbó rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Àwọn ènìyàn kó lọ sí ibi tí ìlú wà lónìí. Ojú ààfin àkọ́kọ́ àti ojú ọjà àtijọ́ ṣẹ́ kù sínú igbó. Nítorí náà, igbó yìí kì í ṣe aginjù. Ìlú tí a fi sílẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ́ ni.

Èèwọ̀ ló ṣọ́ ọ. A kò gbọdọ̀ dọdẹ níbẹ̀, a kò gbọdọ̀ pẹja, a kò gbọdọ̀ gé igi. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ kò lágbára ju iye àwọn tí ń bẹ̀rù rẹ̀ lọ. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, ọ̀pọ̀ ojúbọ ti ń wó, ọdẹ àti apẹja ti ń wọlé, ẹ̀ka ìjọba tí ń mójú tó ọ̀ràn igbó sì ti gba apá kan, ó gbin igi tíìkì sí i. Ní àkókò náà ni Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Austria tí a bí ní Graz ní 1915, tí ó dé Nàìjíríà ní 1950, darapọ̀ mọ́ àwọn olórìṣà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ ọ́ bí ẹni pé òun nìkan ló gba igbó náà là. Èmi kò fara mọ́ ọn. Mọlémọlé ni Adébísí Àkànjí nígbà tí iṣẹ́ yìí bá a. Ọwọ́ rẹ̀, àti ti Buraimoh Gbadamosi pẹ̀lú Kasali Akangbe, ló mọ ògiri, tí ó gbẹ́ òkúta, tí ó sì gbẹ́ igi. Àwọn ère ńláńlà tí à ń bá pàdé lójú ọ̀nà kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ẹni tí ó gbé àáké wá ni wọ́n kọjú sí.

Òfin tẹ̀ lé e. Ní 1965 ni ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní 1992 ni ó fẹ̀ ẹ́ dé hẹ́kítà 75. Ní 2005 ni UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé. Ní tiwa ní Bẹ̀nẹ̀, ó di ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2012 kí àṣẹ àwọn mínísítà tó jáde lórí ìtọ́jú àwọn igbó ìbọ. Ní ibi méjèèjì, òfin kò dá ohunkóhun sílẹ̀. Ohun tí ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn ti là ló wá fi òǹtẹ̀ lù. Ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, Arugbá a máa ru igbá láti ààfin lọ sí odò, ìlú a sì máa tẹ̀ lé e. Igbó kì í dí ọ̀nà tí à ń tọ̀ lọ́dọọdún.

Etí odò ni ọkàn mi kì í ti í balẹ̀ nínú ìrìn náà. Láti Ìgèdè ní Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ṣàn wá, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá, níbi tí àwọn awakùsà ti ń wa wúrà. Láti ọdún mélòó kan, omi náà ti pọ́n bí ẹrẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ sì kìlọ̀ ní 2022 pé kí ẹnikẹ́ni má mu ún. Àwọn olórìṣà ṣì ń bu ú, nítorí omi ọmọ ni, omi ìwòsàn ni. Ògiri tí Àkànjí mọ kò lè dá odò dúró, ààlà hẹ́kítà 75 náà kò sì dé ibi tí ẹrẹ̀ ti ń wọ inú rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti yí padà sí ẹnu ibodè.