Màjàlà Ọdún 1983

Nínú ìwé ìtàn Nàìjíríà, ọdún ìdìbò ni ọdún 1983, òun náà ni ọdún tí àwọn ṣójà gbàjọba ní ọjọ́ tó kẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá bi àwọn àgbà abúlé kòkó tí wọ́n ti bí mi, lábẹ́ àwọn òkè Ìdànrè, wọn ò ní dárúkọ Shagari tàbí Buhari fún yín. "Ọdún tí iná jó kòkó" ni wọ́n ń pè é. Ọmọ ọdún 11 ni mí nígbà náà. Ohun méjì ni mo fi ń rántí ọyẹ́ ọdún yẹn: télọ̀ ará Gánà tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn ilé wa, àti màjàlà.

Òjò ọdún 1982 ti dá kí àgbàdo kejì tó gbó. Ọyẹ́ wọlé ṣáájú Kérésìmesì, ó wá jókòó ti wá bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dìde. Ọdọọdún ló ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá, kò ṣàjèjì sí wa. Bodélé ní ilẹ̀ Chad ni púpọ̀ nínú eruku rẹ̀ ti ń wá, ìsàlẹ̀ adágún kan tó ti gbẹ láti ayébáyé, níbi tí atẹ́gùn ń gba àárín òkè Tibesti àti Ennedi kọjá tipátipá. Bàbá mi ò mọ Bodélé o. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí òkè Ìdànrè bá pòórá nínú kùrukùru láàárọ̀, tí ewé kòkó ń dún pàrìpàrì lábẹ́ ẹsẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣáná lóko. Àwọn àgbà ti ní ètò tiwọn tipẹ́: ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń sun oko iṣu, kí koríko tó gbẹ tán, ní ìrọ̀lẹ́ tí atẹ́gùn ti sùn. Wọ́n á sì ti ro ẹ̀gbẹ́ oko kòkó yíká títí ilẹ̀ pupa á fi hàn, kí iná má baà rí ibi gbà wọlé.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní, ìjọba àpapọ̀ kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó ẹrù wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó tó mílíọ̀nù kan ènìyàn tó kúrò, ará Gánà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo abúlé ń pè ní Ìyá Kùmásí, ló gbọ́ ọ lórí rédíò. Kùmásí ló ti ń ta aṣọ títí di ìparí ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia lé àwọn Yorùbá àti àjèjì mìíràn jáde ní Gánà. Ó pa rédíò náà.

"Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni wọ́n fún àwa náà," ló sọ. Ó bá wọ ilé ìdáná lọ.

Télọ̀ wa, Bùọ̀dá Gánà bí àwa ọmọdé ṣe ń pè é, kó aṣọ rẹ̀ sínú báàgì onílà gàgàrà, irú èyí tí ọjà fi orúkọ náà mọ́ lára títí dòní: Ghana Must Go. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ìyá Kùmásí. Kò lè gbé maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun tọ́jú orí maṣíìnì náà. Goaso ni ìlú wọn, ìlú olóko kòkó bíi tiwa. Gánà ti ti ẹnubodè rẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 1982, ìparí oṣù Kìn-ín-ní ni wọ́n tó ṣí i, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti sùn sí etí títì ní Bẹ̀nẹ̀ pẹ̀lú ọmọ àti ẹrù wọn nínú eruku ọyẹ́ kan náà.

Oṣù Kejì ni iná dé ọ̀dọ̀ wa. Iná oko kòkó kì í pariwo. Ó ń rákò lábẹ́ ewé gbígbẹ, kò ga ju kókósẹ̀ lọ, ó ń lá èèpo igi bí ẹni ń lá ọbẹ̀. Igi á ṣì dúró pẹ̀lú ewé tútù lórí, ẹ ó rò pé ó yè. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, gbogbo rẹ̀ á ti pọ́n. Ibi tí iná ti ń bú ramúramù ni ilẹ̀ tó ń sinmi, tí ewé Akíntọ́lá ti gbà. Ewé àjèjì yìí, tí kò sí níbí láyé àwọn bàbá ńlá wa, a máa gbẹ bí ìṣáná lẹ́ẹ̀rùn. Àwọn ará Gánà ń pe tiwọn ní Acheampong. Kí ló dé tí ilẹ̀ méjèèjì fi orúkọ olóṣèlú sọ koríko tó ń jóni lóko, mo fi yín sílẹ̀ kí ẹ rò ó.

Ọjọ́rú Eléérú bọ́ sí ọjọ́ 16 oṣù náà. Kátíkíìsì fi eérú sàmì sí iwájú orí mi. Nígbà tí a jáde, màjàlà ń já bọ́ láti ojú sánmà, dúdú, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lórí gèlè funfun àwọn ìyá ìjọ. Ó pẹ́ gan-an kí n tó kà á pé Ọjọ́rú yẹn gan-an ni iná igbó pa ènìyàn 75 ní gúúsù ìlà-oòrùn Australia. Ọ̀dá El Niño ti gbẹ ilẹ̀ wọn, atẹ́gùn gbígbóná ń ti iná lọ sí ọ̀nà kan, nírọ̀lẹ́ ni atẹ́gùn ṣàdédé yí padà, ẹ̀gbẹ́ iná náà, tó gùn lọ rẹrẹ, wá di iwájú rẹ̀. Àwọn tó rò pé ó ti kọjá àwọn ló bá.

Ohun tó ṣe bàbá mi nìyẹn. Apá kan oko wa ṣẹ́kù lẹ́yìn iná àkọ́kọ́, ó sì ro ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nínú oṣù Kẹta, àkọ́rọ̀ òjò ṣú dẹ̀dẹ̀ láti ìlà-oòrùn, níbi tí ìjì ilẹ̀ wa ti sábà ń wá. Àwọn àgbà ní Ọya ló ń ṣáájú Ṣàngó. Bẹ́ẹ̀ náà ni: afẹ́fẹ́ tútù ló ń já bọ́ látinú òjò tó ṣú, tó ń sáré ṣáájú omi. Atẹ́gùn yẹn ká páànù ilé ẹ̀kọ́ wa lọ. Ó tún jí iná tó ti sùn sínú kùkùté, ó gbé ẹ̀ta rẹ̀ fò ré ilẹ̀ pupa tí bàbá mi ro kọjá. Nígbà tí òjò fi máa dé, kòkó tó ṣẹ́kù ti ń jó. Òjò ló pa iná náà, bàbá mi dúró sínú rẹ̀ pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. Wọ́n di ẹ̀bi ru ọdẹ kan ní abúlé, wọ́n ní òun ló ń fi iná lé òkété. Ó ṣeé ṣe kí tàkọ́kọ́ jẹ́ tirẹ̀. Ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí, èmi ò rí ẹni tí mo lè mú.

Gánà ṣe òfin iná igbó lọ́dún 1983 kan náà. Kòkó wọn, tó ti kọjá 500,000 tọ́ọ̀nù ní àárín àwọn ọdún 1960, kò tó 160,000 ní sáà 1983 sí 1984. Níbí, bàbá mi tún kòkó gbìn. Nígbà tí ìjọba tú Cocoa Board ká lọ́dún 1986, tí owó kòkó fò sókè, tiwa kò tíì so tó nǹkan. Àwọn tí iná kò dé oko wọn ló ra mọ́tò.

Lẹ́tà Bùọ̀dá Gánà dé lọ́dún 1984, oníṣòwò kan ló mú un wá. Oko bàbá rẹ̀ jó lóṣù tí tiwa jó. Ó ní ebi ti mú kí egungun ọrùn àwọn yọ síta, wọ́n sì ti sọ ọ́ ní ẹ̀gbà ọrùn Rawlings, olórí ìjọba wọn. Ní ìparí rẹ̀, ó béèrè orí maṣíìnì.

Ìyá Kùmásí ní kí n kọ èsì pé ó wà. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ń fi òróró nù ún, kó má baà dípẹtà, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi kú.